Ẹni Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Bọ́ọ̀dù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta

Ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá ti máa ń dé etí wa, ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wáyé. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, n kò sì ní dárúkọ olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, nítorí pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èmi tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ní ìpín tèmi nínú rẹ̀, ìpín náà kò sì kéré.

Kíláàsì SS1 ni. Ọmọ 72 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jókòó ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì 24. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 40 sì ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, akínkanjú ni, kì í pa kíláàsì jẹ. Bí gbogbo wa ti ń kọ́ni ni òun náà ń kọ́ni: á ka àyọkà, á túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó le, á kọ nóòtù sí bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á dà á kọ. Bó bá bèèrè pé "Do you understand?", gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé "Yes, ma!", ohùn wọn á sì dún débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta á rò pé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá pe ẹnì kan ṣoṣo dìde, ilẹ̀ ni ọmọ náà á máa wò. Àwọn méje tàbí mẹ́jọ kan wà tí wọ́n máa ń jókòó níwájú, àwọn ló ń dáhùn fún gbogbo àwọn yòókù.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dun olùkọ́ yìí dé ọkàn ni ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan pẹ́ dé. Ọmọ ọdún 19 ni, òun ló dàgbà jù ní kíláàsì, nítorí pé ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kó tó padà wá. Ó ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Pánsẹ́kẹ́, ó sì máa ń yà síbẹ̀ ní kùtùkùtù kó tó wá sí ilé-ìwé. Olùkọ́ ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Ó ní, "They are calling me, ma." Olùkọ́ bi í pé, "Who are they?" Ó dáhùn pé, "My oga." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọmọ náà kò lè pe ọ̀gá rẹ̀ ní "ó", "wọ́n" ló wà lọ́kàn rẹ̀, "they" ló sì jáde lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ ilé ló bá a débẹ̀, ẹ̀rín ló sì gbà lérè. Ó lé ní oṣù kan kí ó tó tún la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì náà.

Ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án

Olùkọ́ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnu àwọn ọmọ yìí ni mo fẹ́ là. Mo fẹ́ pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì." Mo ní kó máa ṣe é. N kò bi í bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti tó, n kò sì bèèrè irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe níbẹ̀. Àṣìṣe tèmi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀wọ́ mẹ́jọ ló ṣe, ọmọ mẹ́sàn-án nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó wọ́ bẹ́ǹṣì dé àyè rẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ti lọ nínú 40, ariwo ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lórí sìmẹ́ǹtì sì ti mú kí olùkọ́ ìṣirò tó wà ní yàrá kejì yọjú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọ̀wọ́ ló gba àyọkà kan náà àti ìbéèrè mẹ́wàá kan náà, pẹ̀lú àṣẹ pé kí wọ́n jọ jíròrò, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sórí ìwé kan. Ariwo sọ. Kò pẹ́ tí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fi dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé kò sí olùkọ́ ní kíláàsì yìí ni?" Olùkọ́ náà wà láàárín ọ̀wọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì wọ́n, wọn kò rí i.

Nígbà tí a kó ìwé mẹ́jọ náà jọ, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó fu wá lára. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ìwé kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Ní ọ̀wọ́ kejì, ọmọbìnrin tó mọ Gẹ̀ẹ́sì jù ní kíláàsì ti ka àyọkà tán, ó ti dáhùn ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì ti kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ yòókù sísàlẹ̀ kí wọ́n tó mọ ojú ìwé tó yẹ kí wọ́n ṣí. Ọmọkùnrin mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò. N kò dá wọn lẹ́bi mọ́. Iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe ni a gbé fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Ẹni tó lè ṣe é ṣe é, àwọn tó kù wá nǹkan mìíràn fọwọ́ bà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohun tí èmi àti olùkọ́ náà fẹnu kò lé lórí ni pé àwọn ọmọ yìí ni kò ṣe é bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ mọ́kànlá

Nígbà tí yóò tún gbìyànjú, ó ti pinnu pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ "fánákúlà" nínú ọ̀wọ́, kí mọ́nítọ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ni yóò gbá kíláàsì lẹ́yìn ìwé. Òfin yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ ló ti san owó ìtanràn rí nítorí pé a sọ èdè ìyá wa nínú ọgbà ilé-ìwé, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá pani tí kò sí ẹni tí a lè bá jà.

Ní ojú kan, òfin náà ṣiṣẹ́: kíláàsì pa rọ́rọ́. Igbákejì ọ̀gá kọjá, ó yẹ̀ wọ́n wò, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ olùkọ́ náà padà wá bá mi. "Mà, wọn ò sọ Yorùbá mọ́ o. Wọn ò sì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ sí àlàfo. Gbólóhùn kẹrin ni "She ____ (dye) cloth since morning." Níwájú mi gan-an, ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti kọ "is dyeing". Ó fi ẹnu sí i létí. Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

"Rárá. Wò ó. Ó ń rẹ aṣọ, 'is dyeing' nìyẹn. Ó ti rẹ aṣọ, 'has dyed' nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti àárọ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ó ti ń rẹ aṣọ. 'Ti' wà níbẹ̀, 'ń' náà wà níbẹ̀. Gbé méjèèjì pọ̀: 'has been dyeing'."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí, ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ "has been dying". Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín, nítorí gbólóhùn náà ti di ti obìnrin tó ti ń kú lọ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà "e" kan ṣoṣo ló sọnù níbẹ̀, àkókò inú ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti yé e kedere. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orí ẹ̀kọ́ yẹn, n kò fi "ti" àti "ń" kọ́ ọ rí lọ́jọ́ kan. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni mo rí mọ́nítọ̀ tó yíjú, tó sì kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀.

A gba ìwé náà lọ́wọ́ mọ́nítọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. A pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé a kò ní bá wọn wí, a sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn. Àwọn méjì ń ṣeré. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù, àwọn kan ń bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn kan ń ṣàlàyé fún ẹnìkejì, àwọn tó kù ń jiyàn lórí ìdáhùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú kíláàsì ni a ti ń fi ìgbálẹ̀ san lẹ́san.

Ọjọ́ náà ni òfin yẹn kúrò. A fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: Yorùbá wà fún ríronú àti ṣíṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí wọn yóò gbé wá síwájú kíláàsì. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní a fẹ́ sọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì di ọjà. Mo rán wọn létí pé ní ìlú yìí kan náà ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, pé Yorùbá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá a lẹ́yìn náà, àti pé èdè méjèèjì ti jọ ń gbé ní Abẹ́òkúta láti ìgbà náà láìpa ara wọn. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 náà wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, tí àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ girama kì í ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò sì fi wọ́n wé ara wọn ju bó ti yẹ lọ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n yé bẹ̀rù èdè tiwa ni.

Ewúrẹ́ abẹ́ tábìlì

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òfin tó kúrò ló parí ìṣòro náà, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ padà sí kíláàsì, ariwo náà padà, Yorùbá ni látòkè délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò jáde àfi nígbà tí ẹnì kan bá dìde láti ka ìdáhùn. Olùkọ́ náà wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo gbé sùn fún ọjọ́ mélòó kan: "Mà, ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn, Yorùbá ni wọ́n sì jọ gbọ́. Kí ni ìkan fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ìkejì tí kò tíì rí?"

Kò sí. Ohun tí mo mọ̀ tí ìwọ náà mọ̀, a kì í jókòó máa ròyìn rẹ̀ fún ara wa. Láti inú ìbéèrè yìí ni ọ̀nà ti là: ohun tó wà lọ́wọ́ ìkan kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ìkejì. Títí di òní, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi olùkọ́ tó bá mú ètò iṣẹ́ ọ̀wọ́ wá fún mi ni pé, bí a bá gbé iṣẹ́ yìí fún ọmọ kan ṣoṣo, ṣé yóò lè dá a ṣe? Bó bá lè dá a ṣe, kó dá a ṣe. Ẹ má fi bẹ́ǹṣì pariwo lásán.

Owó kò sí láti ṣe fọ́tókọ́pì fún ọmọ 72. Bọ́ọ̀dù nìkan la ní, olùkọ́ náà ló sì ronú bí a ṣe lè lò ó. Nínú àwọn mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ǹṣì kan, ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀dù, ìwé àti pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó rí kí ẹni àkọ́kọ́ lè yà á. Ẹnì kẹta kò gbọdọ̀ dá sí i, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá èyíkéyìí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì. Olùkọ́ ya àwòrán ìsọ̀ kan: obìnrin kan, ìkòkò mẹ́ta, okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, àti ewúrẹ́ kan lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ti kọ gbólóhùn mẹ́rin sínú ìwé wọn ṣáájú: "Where is it?", "How many?", "On the left or on the right?", "Please say that again."

Ní bẹ́ǹṣì tí mo dúró tì, ẹni tó kọjú sí bọ́ọ̀dù ní, "The goat is for the table." Ìkejì ya ewúrẹ́ lé orí tábìlì. "No! For down!" "For down where?" "For down of the table!" "Under?" "Ẹ̀hẹ́n, under!" Ó pa ewúrẹ́ rẹ́, ó tún un yà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ méjì tí n kò gbọ́ ohùn wọn rí nínú kíláàsì ti fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn, ìkan sì ti kọ́ ìkejì ní ọ̀rọ̀ kan ní àkókò tó nílò rẹ̀ gan-an. Ìwé ẹnì kẹta wá di ìṣúra. Ìdérí ìkòkò, ìsọ̀, okùn aṣọ, "sá" inú "sá aṣọ": láti inú àwọn ìwé 24 yẹn ni olùkọ́ ti ṣa ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó kọ́ wọn ní ìgbẹ̀yìn ẹ̀kọ́, wọ́n sì tẹ́tí, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti wá tì ni.

Ariwo kò tán o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kì í pariwo, irọ́ ló ń pa. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì ti Ọjọ́bọ̀, tí kíláàsì ìṣirò ẹ̀gbẹ́ wa máa ń wà lórí pápá, a sì sọ fún igbákejì ọ̀gá ṣáájú. A kò sì wọ́ bẹ́ǹṣì mọ́. Bí iṣẹ́ bá gba ẹni mẹ́fà, àwọn tó wà níwájú á yíjú padà sí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, ó tán.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 14 kan ló kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀dù fún ọmọ jórinjórin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú. Ẹ̀gbọ́n ń sọ "left", ọwọ́ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ọ̀tún. Àbúrò rí ọwọ́ náà, ó mọ̀ pé ìkan kò bá ìkejì mu, síbẹ̀ ó ya ìkòkò náà sí òsì láìbèèrè ohunkóhun. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sí mi, mà. Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣì í." Nínú àwọn ìwé ìkọ́ni tí mo ti kà lórí iṣẹ́ ẹlẹ́ni-méjì, n kò rí èyí tó kọ ìlà kan nípa irú nǹkan báyìí, bẹ́ẹ̀ kò sí kíláàsì kan nílẹ̀ wa tí kò sí nínú rẹ̀.

Olùkọ́ náà kò wàásù fún wọn pé kí wọ́n má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó sọ bíbéèrè di iṣẹ́: ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta, ẹnì kẹta ni yóò máa kà á, bí kò bá sì pé mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù máàkì. Bó ti di iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ náà, ó bọ́ kúrò ní àfojúdi. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló wá ń sọ pé, "Bi mí, jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan."

Nígbà tó yá, olùkọ́ padà sí ọ̀rọ̀ "they" tó fa ẹ̀rín yẹn. Ó fi Yorùbá ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti bọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n pé kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó wá ní kí wọ́n sọ nípa àgbàlagbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, méjì-méjì. Ọmọ jórinjórin sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣe géètì: "He measures the iron two times before he cuts it." Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó pe "he" náà, ó sì wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ọ̀gá lè wà lẹ́nu fèrèsé.

Àyọkà tí a gé sí mẹ́rin

Nígbà tí wọ́n ti mọ́ra sí iṣẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta, a padà sí àyọkà, èyí tó kọ́kọ́ dójú tì wá. Ọgbọ́n tí a lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní jigsaw. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ló gbé e kalẹ̀ ní ìlú Austin ní Texas ní 1971, nígbà tí ilé-ìwé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì pọ̀ sí kíláàsì kan, tí ìjà kò sì tán láàárín wọn: ó gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan, kí ó lè di dandan fún wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ìjà kọ́ ni tiwa, ìdákẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn kan náà bá a mu.

Olùkọ́ náà kọ àyọkà kan lórí àdìrẹ, ó sì fi bírò dà á kọ sórí páálí tó gé. Apá kan sọ nípa oníko, tí wọ́n ń fi ìko dì. Èkejì nípa ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ àti láfún ya iṣẹ́ sí lára. Ẹ̀kẹta nípa alábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin nípa ẹlú àti ìkòkò aró. Òfin kan ló wà: o lè sọ ohun tó wà lórí páálí rẹ, o kò gbọdọ̀ fi hàn. Oníko bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin tó mọ Gẹ̀ẹ́sì jù. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta sì wà lórí páálí ọmọ Ìtòkú. Ọmọbìnrin náà nawọ́ láti já páálí gbà bí ìṣe rẹ̀, olùkọ́ mi orí fún un. Ó wá di dandan kó bèèrè. "What do they use to draw it?" Ọmọkùnrin náà ka èyí tó wà níbẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì fi tirẹ̀ kún un: "Feather. But my mother don't use feather again. She use foam and candle." Ọmọbìnrin náà ní, "Doesn't. She uses." Ó tún un sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà sì kọ "foam and hot wax" sílẹ̀, ohun tí kò sí nínú àyọkà, tí òun pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni ìyá ọmọbìnrin náà wá sí ilé-ìwé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kí wa dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin tíṣà. Ọmọ mi ní òun ló ń kọ́ gbogbo àwọn tó jókòó ti òun. Ta ló wá ń kọ́ òun alára?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú, pé ẹni tó ń kọ́ni ń kọ́ ara rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́ náà. Máàkì tí a ń fún ọ̀wọ́ jẹ́ ti gbogbo ọmọ inú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bá ṣiṣẹ́ ń gbé ọmọ tó bá sùn pọ̀n. Ẹjọ́ ìyá náà tọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ọ̀wọ́ bá parí ọ̀rọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dá kọ gbólóhùn márùn-ún láìwo ẹnikẹ́ni, èyí ni a sì ń fún ní máàkì. Ẹni tí yóò jábọ̀ fún ọ̀wọ́ náà kò sì tún jẹ́ ẹni tí wọ́n yàn. Nọ́ńbà ni olùkọ́ ń fà láti inú agolo mílíìkì kan, ẹni tí nọ́ńbà bá bọ́ sí á dìde. Bí gbogbo wọn ti mọ̀ pé agolo lè pe àwọn, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè kí àkókò tó tó. Àtúnṣe yìí ló ràn wá lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe, ẹnu òbí tó wá ṣàròyé ló sì ti wá.

Ní òpin sáà kẹta, iṣẹ́ àyọkà wọn ti dára sí i lójú èmi àti olùkọ́ náà, àwọn tó ń dìde sọ̀rọ̀ kì í ṣe àwọn ará iwájú nìkan mọ́. Àròkọ kò yí padà púpọ̀. Ọmọ tó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géètì ṣì ń kọ ìlà mẹ́fà péré nípa rẹ̀, a kò sì tíì rí ọgbọ́n ta sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìró ohùn ló fi hàn wá ibi tí iṣẹ́ ẹlẹ́ni-méjì parí sí. Yorùbá kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "chair", kò ní "v", kò ní "z", kò sì ní ìró méjèèjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní "th". Olùkọ́ ní kí ìkan ka "chair" tàbí "share", "van" tàbí "fan", kí ìkejì fàlà sí èyí tó gbọ́. Mo dúró ti àwọn méjì kan: bákan náà ni ẹni tó ń kà á ṣe ń pe "chair" àti "share", ẹni tó ń gbọ́ sì ń fàlà síbi tó bá wù ú, wọ́n sì ń yin ara wọn pé àwọn gbà á. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, wọn kò lè fi fún ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá bá wọn nínú Test of Orals ti WAEC, ìbéèrè 60 tí wọ́n kàn ń yan ìdáhùn sí, níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wọn láti tọ́ wọn sọ́nà.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Ọjọ́bọ̀ ti di ti olùkọ́ nìkan. Fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè kékeré kan ló ń pe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ á di ojú, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá gbọ́ "chair" á na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá gbọ́ "share" á na ti òsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "chair" ni fóònù pè, ọwọ́ pín sí méjì bí ẹni pín obì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ka ọwọ́ òsì tó ṣìnà: mẹ́sàn-án ni, ọmọ jórinjórin wà nínú wọn, ó di ojú rẹ̀ pinpin.